Ọ̀nà Igbó J4: Bí Ẹ Ó Ṣe Rìn Ín Lójò àti Lẹ́ẹ̀rùn

Igbó Ọmọ tó wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí J4, orúkọ ìletò kan tó wà nínú rẹ̀. Láti 1925 ni ìjọba ti fi igbó náà pamọ́. Ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,500, ìgbà tó sì di 1977, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹni tó bá gbọ́ pé ìjọba fi igbó pamọ́ lè rò pé kò séèyàn níbẹ̀. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí lọ́rì agégẹdú ń gbà náà ni ọlọ́kadà tó ru kòkó ń gbà. Ibẹ̀ ni ìyá tó ru ẹ̀gẹ́ ń gbà bọ̀ láti oko, ibẹ̀ lọdẹ ń gbà lóru, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ṣọ́ igbó ń ṣọ́. Ẹni tó wá wo igi àti ẹyẹ, àlejò gbogbo wọn ni.

Nǹkan méjì ni àsìkò máa ń yí padà lójú ọ̀nà yìí: ilẹ̀ tí ẹ ó tẹ̀, àti àwọn tí ẹ ó bá pàdé. Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ máa ń múra de ẹrẹ̀ àti òjò. Díẹ̀ nínú wọn ló ń béèrè pé ta ni yóò wà lójú ọ̀nà lóṣù tí àwọn ń lọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wàhálà tó le jù ti ń wá.

Kí ẹ tó wọgbó

Ẹ gba ìyọ̀ǹda. Iléeṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ igbó ló ni àṣẹ, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ó kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá dé J4, ẹ yọjú sí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó, kí ẹ sì kí baálẹ̀ ìletò tí ẹ ó gbà kọjá. Ẹ sọ iye tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ń lọ, àti aago tí ẹ ó jáde. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn, kí ẹ fi nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tó wà nílé sí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí ẹ kò jáde, ìwé yẹn ni wọn yóò fi mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà wá yín.

Hẹ́kítà 460 wà láàárín igbó náà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ pátápátá, tí wọn kò gbọdọ̀ gégi, kí wọ́n dáko, tàbí kí wọ́n ṣọdẹ níbẹ̀. Ẹ má ṣe wọ ibẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ àti ẹ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ẹ mú amọ̀nà. Ọdẹ tàbí ẹ̀ṣọ́ tí baálẹ̀ fúnra rẹ̀ bá fà lé yín lọ́wọ́ ni kó jẹ́, kì í ṣe ẹni tó sáré bá yín níbùdókọ̀. Ẹ fẹnu kò lórí owó kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì ra omi àti oúnjẹ tirẹ̀ mọ́ tiyín.

Ìbéèrè mẹ́ta wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi àwọn ará ibẹ̀. Èkíní: níbo ni wọ́n ti ń gégi lọ́sẹ̀ yìí? Èkejì: odò wo ló kún, afárá wo ló ti já? Ẹ̀kẹta: ṣé ìṣẹ̀ṣe kankan bọ́ sí ọjọ́ tí a fẹ́ rìn? Ẹ má fi ẹ̀kẹta ṣeré. Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, oṣù Keje ni ọdún Agẹmọ, nígbà tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ń rìn lọ sí Ìmọ̀sàn, obìnrin kò sì gbọdọ̀ rí wọn lójú ọ̀nà. Orò náà ní ọjọ́ tirẹ̀ ní ìletò kọ̀ọ̀kan. Ará ìletò nìkan ló lè sọ ọjọ́ yẹn fún yín. Kì í sí nínú ìwé kankan.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà ń bẹ. Bí baálẹ̀ tàbí ẹ̀ṣọ́ bá ní ẹ má gba apá ibì kan lọ́jọ́ náà, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì wá ẹlòmíràn tí yóò sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́.

Ìṣirò aago

Lórí ọ̀nà lọ́rì tó gbẹ, ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń rin kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan. Nínú ẹrẹ̀, kìlómítà méjì sí méjì ààbọ̀ ni. Oòrùn kì í pẹ́ ju aago méje alẹ́ lọ kó tó wọ̀ nílẹ̀ wa, nígbà tó bá di oṣù Kọkànlá, aago mẹ́fà ààbọ̀ ló ti ń lọ. Abẹ́ igi ńlá sì máa ń ṣókùnkùn ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú ìta gbangba. Nítorí náà, ẹ fi aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣe àkókò tí ẹ ó ti jáde.

Ẹ pín wákàtí yín sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún lílọ, ìdá kan fún bíbọ̀, ìdá kan fún ohun tí ẹ kò rò tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá wọlé laago méje àárọ̀, wákàtí mẹ́sàn-án ààbọ̀ ló wà lọ́wọ́ yín. Bó bá ti di aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ẹ yí padà, kódà bí ibi tí ẹ ń lọ bá ku ẹyọ títẹ̀ kan. Odò tí ẹ fẹsẹ̀ là láàárọ̀ lè ti kún nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ìdá kẹta yẹn ni ẹ ó fi dúró kó fà.

Àkọ́rọ̀ òjò: oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin

Ìjì ni ewu àsìkò yìí. Òjò àkọ́rọ̀ máa ń rán afẹ́fẹ́ ṣáájú, afẹ́fẹ́ náà a sì bá igi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ̀ka gbígbẹ tó há sókè lọ́pọ̀ oṣù ló ń já bọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ̀kán òjò kan tó kàn yín. Nítorí náà, kí ẹ tó jókòó sinmi níbikíbi, ẹ gbójú sókè. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka tí kò léwé, tàbí èyí tó kàn há sórí àjàrà, ẹ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ọ̀sán sì ṣókùnkùn, ẹ kúrò lábẹ́ igi gíga, ẹ lọ sínú ìgbòrò tí igi rẹ̀ ò ju orí yín lọ púpọ̀. Ẹ fi àyè mítà márùn-ún sáàárín ara yín, ẹ lóṣòó lórí àpò yín, ẹ má dùbúlẹ̀. Ìdí arábà máa ń fa èèyàn nítorí pé egbò rẹ̀ dà bí ògiri ilé. Ẹ má sá síbẹ̀. Igi tó ga jù ni mọ̀nàmọ́ná ń wá, egbò tó bò yín yẹn ni yóò sì gbà sọ̀kalẹ̀. Ẹ dúró títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Àwọn àgbẹ̀ ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà nígbà yìí, torí wọ́n ń gbin àgbàdo, wọ́n ń kọ ebè. Olú náà ń hù, ẹ ó sì rí àwọn tó ń ká a. Ẹ lè wò ó, ẹ lè yà á ní fọ́tò, ṣùgbọ́n ẹ má ká èyí tí amọ̀nà yín kò bá mọ̀.

Òjò gidi: oṣù Karùn-ún sí Keje, àti àrọ̀kúrò oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá

Àsìkò yìí ni igbó lẹ́wà jù, òun náà ni ọ̀nà burú jù. Ilẹ̀ amọ̀ pupa ni, táyà lọ́rì sì ti tẹ ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbagidi títí ó fi ń gbomi dúró bí ìsàsùn. Omi tó wà nínú kòtò táyà lónìí lè wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì. Ojú omi kì í sọ bó ṣe jìn tó: kòtò kan lè mọ níwọ̀n kókósẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e a sì dé itan.

Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe rìn ín. Ẹ gé ọ̀pá tó gùn dé àyà yín, kó nípọn tó àtàǹpàkò méjì. Ẹ rìn lórí òkìtì àárín kòtò táyà méjèèjì, kì í ṣe lẹ́bàá rẹ̀, torí ẹ̀bá ló máa ń ya lulẹ̀. Ẹ tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ìṣísẹ̀ yín kúrú. Ẹni tó bá fi gìgísẹ̀ ṣáájú nínú amọ̀ títutù yóò yọ̀. Bí òkìtì àárín bá parẹ́, ẹ kọ́kọ́ ti ọ̀pá bọ kòtò kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí omi bá ju orúnkún lọ, ẹ wá ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ti là gba ẹ̀gbẹ́. Ó sábà máa ń wà, àwọn àgbẹ̀ ń rìn níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má la tuntun, torí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ń dẹ tàkúté sí.

Afárá tó wà lórí odò kéékèèké jẹ́ ìtì igi méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n tò pọ̀. Èèpo igi tó rà lára ìtì ló ń yọ èèyàn ju igi fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wo ibi tí èèpo ti ṣí kúrò tí táyà ọ̀kadà ti gbo, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀. Ẹnì kan ni kó kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tú okùn àpò tó wà láyà àti ní ìbàdí yín kí ẹ tó gùn ún, kí àpò má bàa fà yín sísàlẹ̀ bí ẹ bá já sómi. Bí ìtì bá ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́, kí gbogbo yín padà.

Bí kò bá sí afárá, òfin odò kò lé ní mẹ́ta. Omi kò gbọdọ̀ ju orúnkún ẹni tó kúrú jù láàárín yín lọ. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ fi ọ̀pá ṣe ẹsẹ̀ kẹta, kí ẹ máa fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ kò sì gbọdọ̀ wọ odò tó ń kún. Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ń kún nìyí: ẹ ti igi tín-ín-rín kan mọ́lẹ̀ létí omi gan-an, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí omi bá ti gun igi náà, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí sí ti amọ̀ tí ewé àti pàǹtí sì ń pọ̀ sí i lórí rẹ̀, òjò ti rọ̀ lókè odò, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn níbi tí ẹ wà. Odò kékeré máa ń fà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ẹ jókòó níbi gíga, ẹ jẹun.

Ìjàlọ wà lójú ọ̀nà púpọ̀ lásìkò yìí. Ẹ ó rí wọn bí ìlà dúdú tó ń ṣàn kọjá ọ̀nà, àwọn olórí ńlá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí. Ẹ fo ìlà náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti wọnú ṣòkòtò, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn dúró síbẹ̀ máa gbọn ara. Àwọn mìíràn ń gùn ún lọ́wọ́ tó bá ń gbọn. Ẹ kọ́kọ́ sáré ìṣísẹ̀ ogún kúrò níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ bọ́ ṣòkòtò, kí ẹ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́rì agégẹdú ń dínkù bí òjò bá pọ̀, nítorí wọ́n ń rì. Èyí tó rì lè dí ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn ọlọ́kadà á sì la ọ̀nà tóóró gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má kọjá láàárín lọ́rì tó rì àti èyí tó ń fà á: wáyà tó já lè gé èèyàn sí méjì. Ẹ dúró jìnnà títí wọn yóò fi tú u.

Ìsinmi òjò inú oṣù Kẹjọ

Òjò a dẹwọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, kò sì ní ọjọ́ pàtó. Ilẹ̀ kò ní gbẹ tán, ṣùgbọ́n odò a wálẹ̀. Ìyeyè ń pọ́n, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ a kún fún èso àti ẹranko tó ń jẹ ẹ́. Rénbúùtù náà ni kí ẹ ṣì wọ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́: oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì

Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín ni, ẹ wá láàárín ìparí oṣù Kọkànlá àti àárín oṣù Kejìlá. Ilẹ̀ ti le, odò ti fà, ewé ṣì wà lórí igi, eruku ọyẹ́ kò tíì bo ojú ọ̀run. Lékèélékèé ti dé, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ tó sá fún òtútù ilẹ̀ Yúróòpù náà ti dé. Láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ẹyẹ ń ké jù. Ẹ dúró sójú kan níbi tí igi tó ń so èso bá wà, àgbìgbò yóò wá bá yín. Ìró ìyẹ́ rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, fúù, fúù, fúù, kí ẹ tó rí i.

Bó bá ti di oṣù Kíní, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìrókò àti arábà ń wọ́wé. Gmelina tí ìjọba gbìn sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ nínú igbó náà ń wọ́wé pẹ̀lú, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń gbẹ kíákíá. Ohun méjì ni ewé yìí ń gbé wá.

Àkọ́kọ́ ni oká. Àwọ̀ ara rẹ̀ àti ti ewé gbígbẹ kò yàtọ̀, kì í sì í sá fún ìró ẹsẹ̀: ṣe ló máa ń dúró jẹ́ẹ́ sójú kan. Ẹ má ṣe fo ìtì igi tó dábùú ọ̀nà. Ẹ gun orí rẹ̀, ẹ dúró, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ abẹ́ ewé láti mú èso. Àsìkò agbálùmọ̀ ni èyí, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń gbàgbé ara wọn lábẹ́ igi rẹ̀. Ọ̀pá ni kí ẹ fi tú ewé kúrò lára èso kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Èkejì ni iná. Àwọn àgbẹ̀ ń jó oko wọn lóṣù Kíní sí oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì lè gbé e wọ oko gmelina. Ẹ má dáná, ẹ má mu sìgá, ẹ má ju ìgò dídán sílẹ̀. Bí ẹ bá rí èéfín, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ dojú kọ: ẹ bu erùpẹ̀ gbígbẹ, ẹ jẹ́ kó dà. Ẹ má sá síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé iná lọ, ẹ má gun òkè, torí iná máa ń yára gun òkè ju bó ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́, ẹ wá àfonífojì tútù, etí odò, tàbí ilẹ̀ tí iná ti jó tán.

Wèrèpè náà ti gbó lásìkò yìí. Irun ara èso rẹ̀ ń fò nínú afẹ́fẹ́. Bó bá kàn yín, ẹ má fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì kọ́kọ́ fi omi wẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sẹ́lótéèpù tàbí amọ̀ tútù bò ó, ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ ṣí i kúrò. Irun náà á bá a lọ.

Bí ẹ ó ṣe bá àwọn ọlọ́nà lò

Ẹ̀ẹ̀rùn ni lọ́rì agégẹdú pọ̀ jù, torí ọ̀nà ti le. Lọ́rì tó ru ìtì, tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè, kò lè dúró nítorí yín, kódà bí awakọ̀ bá fẹ́. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ kúrò lójú ọ̀nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá rí i. Ẹ má dúró sí kọ́nà. Bó bá ń yí, táyà ẹ̀yìn a gé inú kọ́nà, ìdí ìtì tó yọ síta a sì gbá ìta kọ́nà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló léwu. Ibi tí ọ̀nà bá tọ́ ni kí ẹ ti yà, mítà márùn-ún kúrò lójú ọ̀nà, lẹ́yìn igi tó dúró dáadáa. Kí gbogbo yín yà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹni tó bá sáré sọdá láti bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ni lọ́rì ń pa.

Bí ẹ bá gbọ́ ayùn ẹlẹ́rọ, ẹ dúró. Igi ńlá lè ga tó mítà àádọ́ta, àjàrà sì lè so ó mọ́ igi mìíràn tí yóò fà lulẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ọgọ́rùn-ún mítà ó kéré tán wà láàárín yín àti ibi tí wọ́n ti ń gégi. Bí ìró ayùn bá dákẹ́ lójijì, kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti ṣe tán: ìgbà yẹn gan-an ni igi ń wó. Kí amọ̀nà yín ké sí wọn, kí ẹ dúró kí wọ́n dáhùn.

Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kíní ni ìkórè kòkó pọ̀ jù. Ọ̀kadà tó ru àpò kòkó kì í rọrùn láti dá dúró nínú yanrìn tàbí ẹrẹ̀. Ẹ yà fún un. Ẹ yà fún ẹni tó ru ẹrù lórí pẹ̀lú, ẹ sì kọ́kọ́ kí i. Ẹni tó rù ló le fún jù láti yí ọrùn wò yín. Fún àgbẹ̀ tó wà lóko: "Àroko bọ́dún dé o!" Fún ọdẹ: "Àrẹ̀pa o!" Ìkíni yìí ń sọ fún wọn pé èèyàn ni ẹ, ẹ kò bá tibi wá. Àlejò tó bá kọjá láìkí ẹnikẹ́ni ní igbó, gbogbo ìletò ni yóò ti gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó délé.

Ọ̀rọ̀ ọdẹ gba àfiyèsí. Wọ́n lè wà nínú igbó láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀, ṣakabùlà ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ọta rẹ̀ sì ń fọ́n ká. Ẹ má wọ aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ewé. Yẹ́lò àti àwọ̀ ọsàn ni kí ẹ wọ̀, kí àpò yín náà ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀yìn yín ni ẹni tó wà lẹ́yìn ń rí. Ẹ máa sọ̀rọ̀ ketekete níbi tí ìgbòrò bá ṣú. Ẹ má súfèé: ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò fẹ́ ẹ nínú igbó, àwọn ọdẹ kan sì ń fi súfèé pe ara wọn, ẹ lè dà á rú fún wọn.

Ẹ kọ́ láti mọ àmì. Màrìwò tí wọ́n ta dábùú ọ̀nà túmọ̀ sí pé ibi ọ̀wọ̀ ni, ẹ padà. Ààlè, bíi ṣúkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín tàbí àkísà pupa tí wọ́n so sára igi, ń sọ pé oko tàbí igi náà ní ẹni tó ni ín. Ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun níbẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tó ń tàn lójú ọ̀nà ẹranko, tàbí ẹ̀ka tí wọ́n tẹ̀ tó sì fẹ́ fò padà, tàkúté ni. Ẹ má tú u, ẹ fi han ẹ̀ṣọ́ bó bá jẹ́ ibi tí òfin kò gbà.

Erin ṣì wà nínú igbó yìí, wọn kò pọ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ní láti ṣọ́ra fún wọn àti nítorí wọn. Imí erin tó ṣì ń mú ooru, tí eṣinṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé bá, túmọ̀ sí pé kò tíì jìnnà. Bákan náà ni amọ̀ tútù tó wà lára igi níbi tó ga ju orí yín lọ. Ẹ dákẹ́, ẹ gba ọ̀nà tí ẹ bá wá padà, ẹ má sáré, ẹ má lépa fọ́tò. Bí ẹ bá sì ní fọ́tò ipasẹ̀ rẹ̀, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ ibi tí ẹ ti yà á, torí àwọn apẹranko náà ń wò ó.

Ohun tí ẹ ó rù

Omi lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀rùn fún wákàtí mẹ́fà, lítà méjì lójò. Ẹ má mu omi odò láìsè é, bó ti wù kó mọ́ tó. Fún ẹni tí òógùn ti tán lára rẹ̀, ẹ po lítà omi kan pẹ̀lú ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, ṣíbí tó tẹ́jú, kó má ga. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù ń dá èébì sílẹ̀.

Rénbúùtù tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún lójò, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ nípọn méjì nínú ọ̀rá. Bàtà aláwọ tó bo kókósẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Kánfáàsì kò dára nígbà kankan. Ṣòkòtò gígùn tí ẹ kì bọ inú ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀wù alápá gígùn, tọ́ọ̀ṣì orí kan pẹ̀lú bátìrì àfikún, ọ̀bẹ, fèrè, bándéèjì fífẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rá ńlá méjì fún fóònù àti aṣọ. Lóṣù ọyẹ́, ẹ mú ẹ̀wù nípọn, torí ìdájí máa ń tutù, àti ìbòmú fún eruku lọ́rì.

Ẹ sọ máàpù sórí fóònù kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ nínú igbó. Wíwá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń jẹ bátìrì jù.

Bí ọ̀nà bá dàrú

Ní gbogbo oríta, ẹ yí ẹ̀yìn padà kí ẹ tó kọjá, kí ẹ ya fọ́tò ohun tí ẹ rí. Oríta kì í jọ ara rẹ̀ bí a bá ń lọ àti bí a bá ń bọ̀, fọ́tò tí ẹ yà sí iwájú kò ní ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń padà.

Ẹ wo ilẹ̀ oríta náà pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ipa táyà lọ́rì nìkan ló wà ní ẹ̀ka kan, tí kò sí ipa ọ̀kadà tàbí ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n ti kó ìtì ló parí sí, kò yọ síbì kankan. Ọ̀nà tó ní ipa ọ̀kadà ló lọ sílé èèyàn. Lọ́pọ̀ ìgbà sì ni ẹ̀ka ọ̀nà agégẹdú ń pàdé bí ẹ̀ka odò: ibi tí ẹ̀ka méjì bá ti di ọ̀kan, ìhà ọ̀kan yẹn ni ìjáde wà. Bí ẹ kò bá dájú, ẹ dúró lójú ọ̀nà lọ́rì, ẹ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún fun ún. Ẹ má wọ ìgbòrò láti "gé ọ̀nà kúrú".

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ

Ẹ kúrò níbi tí ejò náà wà, ẹ má lépa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà jókòó, ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà àti bàtà kúrò níhà ibẹ̀, torí yóò wú. Ẹ fi igi méjì àti bándéèjì di ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ náà kó má mì. Ẹ kọ aago tó bù ú jẹ sára rẹ̀. Ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ má gbẹ́ ẹ ní gbẹ́rẹ́, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má bu òkúta dúdú lé e. Okùn tó há ju bó ṣe yẹ lọ lè ba ẹsẹ̀ jẹ́ débi tí wọn yóò gé e. Kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ gbé e sórí ọ̀kadà láàárín awakọ̀ àti ẹlòmíràn tí yóò dì í mú lẹ́yìn, ó di ilé ìwòsàn. Kí ẹnì kan pe ilé ìwòsàn náà ṣáájú kó lè béèrè bóyá oògùn oró ejò wà nílẹ̀. Bí sèbé bá tu oró sójú ẹnì kan, omi tó mọ́ ni kí ẹ máa dà sí i fún ìṣẹ́jú ogún, kó la ojú, lẹ́yìn náà ni dókítà.

Bí ẹ bá jáde

Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ àti baálẹ̀, ẹ sọ pé gbogbo yín ti jáde, kí ẹ sì sọ afárá tó já àti igi tó dábùú ọ̀nà tí ẹ rí. Kí ẹ tó sùn, ẹ wo abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti abẹ́nú fún eégbọn. Ẹ fi ohun ìfàtu gbá a mú lẹ́bàá ara gan-an, kí ẹ fà á tààrà láìyí i. Ẹ bu ìwé ìròyìn sínú bàtà tó tutù, ẹ má sá a sínú oòrùn gangan, kí ó má baà sán. Bí ibà bá mú yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó lo oògùn, ẹ sì sọ fún dókítà pé inú igbó J4 lẹ ti ń bọ̀.